Okùn Tó Já Ni Ẹlẹ́rìí: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Ẹ̀rọ Ìdikoríko Àtijọ́ Ṣe

Ní àgbègbè Lancaster ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ìdikoríko, èyí tó ń fi okùn di koríko gbígbẹ ní ìdì-ìdì, tó ti pé àádọ́ta ọdún ṣì ń wọ oko lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Amish ibẹ̀, ìyẹn àwọn Kristẹni kan tó rọ̀ mọ́ ìgbé ayé àtijọ́, tí kì í fi katakata ro oko, máa ń gbé ẹ́ńjìnnì lé ẹ̀rọ náà lórí, kí ẹṣin tàbí ìbaaka sì máa fà á lọ. Irin tó nípọn ni wọ́n fi ṣe é, kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀, ohun gbogbo tó ń ṣe ló sì hàn sójú. Ibi kan ló máa ń dẹ́rù ba ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ní àlòkù, ìyẹn ibi tó ti ń ta okùn ní kókó. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló rọrùn jù láti kà, torí okùn tó já máa ń sọ ibi tí àìsàn wà kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà.

Eyín onírin tó wà níwájú ẹ̀rọ ló ń ṣa koríko gbígbẹ nílẹ̀, tó ń tì í sínú àpótí gígùn kan. Nínú àpótí yìí ni irin ńlá kan ti ń lọ tó ń bọ̀, tó ń gún koríko mọ́ra, nǹkan bí ìgbà 80 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ọmọ odó. Bí ìdì bá ṣe ń gùn sí i, kẹ̀kẹ́ eléyín kan lórí àpótí á máa yí. Bó bá gùn tó bí wọ́n ṣe fẹ́, kẹ̀kẹ́ náà á tú ohun tó dá ẹ̀rọ kókó dúró.

Ìgbà náà ni iṣẹ́ àrà bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ méjì tó tẹ̀ bí ìwo á gbéra láti ìsàlẹ̀, wọ́n á gba ojú àlàfo tó wà lára ọmọ odó kọjá, wọ́n á sì gbé okùn gòkè, abẹ́rẹ́ kan sí okùn kan. Orí okùn ti wà lókè tẹ́lẹ̀. Àwo irin kékeré kan tó ní àlàfo létí ló dì í mú láti ìgbà tí ìdì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Okùn ti yí ìdì po báyìí, abẹ́rẹ́ á sì gbé ìhà kejì rẹ̀ wá sínú àwo kan náà. Ìhà méjèèjì á sùn lé irin kan tó rí gẹ́lẹ́ bí àgógó ẹyẹ. Àgógó yìí á yí po lẹ́ẹ̀kan, á wé okùn mọ́ ara rẹ̀, á la ẹnu, á sì gbá a mú. Apá kan tó ru ọ̀bẹ á wá kọjá. Ọ̀bẹ á gé okùn láàárín àgógó àti àwo, ìsàlẹ̀ apá náà á sì nu ojóbó kúrò lára àgógó, kí ó gba orí ohun tí àgógó fẹnu mú bọ́ sílẹ̀. Kókó ti ta nìyẹn. Abẹ́rẹ́ á padà sísàlẹ̀, á fi okùn sílẹ̀ lẹ́nu àwo fún ìdì tó kàn. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti parí.

John Appleby, ará ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ló ṣe irú ẹ̀rọ kókó yìí láyé ìgbà tí wọ́n ń fi di ìtí àlìkámà, ní àwọn ọdún 1870. Edwin Nolt ti Lancaster fi ta kókó lára ẹ̀rọ tó ń ṣa koríko fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ New Holland sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà ní 1940. Ẹni tó bá mọ ti àtijọ́ kò ní ṣìnà níwájú ti òde òní.

Bí ìdì bá wá já, kí wọ́n má ju okùn rẹ̀ nù. Kí wọ́n wo orí rẹ̀ méjèèjì. Bí kókó bá wà ní orí kan, tí orí kejì sì rí jákujàku bí ohun tí wọ́n fà yọ, àwo kò di okùn mú dáadáa, okùn sì yọ kúrò kí àgógó tó ṣe tán. Kí wọ́n fún sípíríǹgì àwo náà díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni àwo ń jẹ okùn já, ó ti le jù, kí wọ́n dẹ̀ ẹ́. Bí kókó bá ta tán àmọ́ tó kọ̀ tí kò kúrò lára àgógó títí okùn fi já, ó lè jẹ́ pé ẹnu àgógó le jù, tàbí pé ìpẹtà ti mú un rí gbágungbàgun, tàbí pé apá tó yẹ kó nù ún kò kàn án mọ́. Bí kókó bá sì ń tú fúnra rẹ̀, ẹnu àgógó dẹ̀ jù ni, tàbí kí ọ̀bẹ ti kú. Ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí nọ́ọ̀tì ti pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n dán an wò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn yí nǹkan mẹ́ta pa pọ̀, torí kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń dán an wò. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n sì dúró títí kẹ̀kẹ́ irin wúwo tó wà níwájú á fi dúró pátápátá, torí ó máa ń yí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí agbára ti kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú ẹ̀rọ kókó sílẹ̀, tí wọ́n á fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ náà síhà tó máa ń yí sí, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè rí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ìka ọwọ́ ẹnikẹ́ni má ṣe sí nítòsí àgógó tàbí ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ nígbà náà.

Ẹ̀bi ẹ̀rọ kókó kọ́ ni gbogbo ìdì tó já o. Bí ibi tí ọmọ odó ń rìn lé bá ti jẹ, á máa mì, abẹ́rẹ́ kò sì ní rí ojú àlàfo rẹ̀ gbà dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ ìdì ló máa ń fi èyí hàn: koríko tó yọ jáde bí irùngbọ̀n. Ó tún lè fi hàn pé abẹ tó wà lára ọmọ odó àti ìkejì rẹ̀ lára àpótí ti kú, tàbí pé àyè àárín wọn ti fẹ̀ jù. Kí wọ́n pọ́n abẹ méjèèjì kí wọ́n tó fọwọ́ kan sípíríǹgì kankan. Àkókò tí abẹ́rẹ́ ń wọlé náà ní òdiwọ̀n, ìwé ìlò ẹ̀rọ ló sì ń sọ ọ́, torí ẹ̀rọ kan kò bá èkejì dọ́gba. Bí ṣéènì tó ń mú abẹ́rẹ́ rìn bá ti fo eyín kan péré, ọmọ odó lè ṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí irin ìdènà kan fi wà tó ń dá ọmọ odó dúró bí abẹ́rẹ́ bá há sínú àpótí. Ó gbọ́dọ̀ máa rìn fàlàlà, kí ìpẹtà má dì í.

Bóòtì kan tún wà lára kẹ̀kẹ́ irin wúwo náà tí wọ́n dìídì ṣe kó lè ṣẹ́ bí ohun líle bá wọlé. Nígbà tó bá ṣẹ́ ní ọ̀sán gangan, tí òjò sì ń ṣú, ọ̀pọ̀ a máa fi bóòtì tó le ju tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Ìgbà mìíràn tí nǹkan bá há, gíà ló máa fọ́, owó gíà kò sì ṣeé fi wé owó bóòtì.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ kò gba àkókò. Láàárọ̀, kí wọ́n fẹ́ eruku àti ìyàngbò kúrò lára ẹ̀rọ kókó, kí wọ́n fi gírísì sí gbogbo ojú ibi tó ń gbà á, nítorí gírísì àtijọ́ tó ti gan máa ń dí ọ̀nà. Okùn náà ṣe pàtàkì. Sísà, ìyẹn okùn tí wọ́n fi fọ́nrán ewé ṣe, tí wọ́n ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Bàhíà ní Bùràsílì wá, ní ìpínlẹ̀ kan náà tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti gbin ìsìn wọn. Okùn tó nípọn ní ibì kan tó sì tín-ín-rín ní ibòmíràn máa ń da àtúnṣe tó dára rú.

Réèkì ló ń ṣáájú, òun ló ń kó koríko jọ ní ọ̀wọ́. Bí eyín rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, á kó òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ fún abẹ jẹ. Kí eyín tó ṣẹ́ má ṣe wà níbẹ̀ láìpààrọ̀, nítorí ọ̀wọ́ tó tẹ́ jù lápá kan ló ń di ìdì wíwọ́. Koríko eléwé bí àfáláfà, kí wọ́n kó o jọ nígbà tí ìrì ṣì wà díẹ̀, kí ewé má bàa gbọ̀n dànù. Àmọ́ kí wọ́n tó dì í, omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 lọ. Ìdì tutù a máa gbóná fúnra rẹ̀, ó sì ti jó ọ̀pọ̀ abà.

Nígbà tí ìkórè bá parí, kí wọ́n yọ ìdì tó kù nínú àpótí, nítorí koríko máa ń fa omi mọ́ irin, eku sì fẹ́ràn ibẹ̀. Kí wọ́n fi sáńpépà kíkúnná nu àgógó títí á fi dán, kí wọ́n fi gírísì bò ó, kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ náà sábẹ́ òrùlé.