Kí Ẹ Tó Bínú sí Akọ́nimọ̀ọ́gbá, Ẹ Ka Nọ́ńbà 16 sí 23

Tí ìdíje rọ́gbì láàárín orílẹ̀-èdè méjì bá bọ́ sí Sátidé, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kéde orúkọ àwọn tí yóò gbá a. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni fóònù mi kì í ti í sinmi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń kọ́kọ́ pè. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti rí i? Wọ́n tún fi í sílẹ̀!" Kí n tó dáhùn, ó ti to orúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tirẹ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn ló sì jẹ́ ẹni tó mọ eré sá, tójú gbogbo ayé mọ̀.

Inú mi máa ń dùn sí bó ṣe fẹ́ràn eré yìí tó. Ṣùgbọ́n ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ará iwájú nínú ẹgbẹ́ kékeré kan ní gúúsù London, ohun tí mo máa ń sọ fún un náà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: ẹ fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn sílẹ̀ ná, ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ ìwé.

Ẹni mẹ́tàlélógún ni wọ́n ń mú lọ sí irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń bẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́jọ tó kù, tí wọ́n ń wọ nọ́ńbà 16 sí 23, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì di ìgbà tí wọ́n bá pè wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Títí di ọdún 1996, ẹni tó bá fara pa nìkan ni wọ́n lè fi ẹlòmíì rọ́pò. Ó rẹ̀ ọ́ o, kò rẹ̀ ọ́ o, wàá gbá a dópin ni. Àwọn tó bá rántí Adedayo Adebayo, ọmọ tí wọ́n bí n'Ìbàdàn tó gbá ẹ̀gbẹ́ pápá fún England, á mọ̀ pé sáà tirẹ̀ gan-an ni nǹkan yí padà. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ti kúrò ní kíkó àwọn tó dáa jù jọ. Ọgọ́rin ìṣẹ́jú ló ń yàn fún, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò wà lórí pápá ní ìṣẹ́jú karùn-ún àti ẹni tí yóò wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú karùndínlọ́gọ́rin.

Nínú mẹ́jọ yẹn, òfin ti gba mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Nọ́ńbà 16, 17 àti 18 gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n ti kọ́ ní iṣẹ́ ìlà iwájú nínú scrum. Scrum ni ìgbà tí ẹni mẹ́jọ láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn tá à ń pè ní ará iwájú, bá di ara wọn mú, tí wọ́n forí bọ àárín àwọn tó kọjú sí wọn, tí wọ́n wá ń ti ara wọn. Àwọn méje tó kù ni ará ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n á rò pé agbára lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n mú yín sún mọ́ ọn díẹ̀. Nọ́ńbà ẹyìn aṣọ ló ń sọ ipò ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ eré; 1, 2 àti 3 ló ń dúró ní ìlà iwájú, 2 ló wà láàárín. Etí òsì nọ́ńbà 1 wà níta gbangba, kò sẹ́ni tó ń tì í lápá ibẹ̀. Ti nọ́ńbà 3 yàtọ̀. Orí tirẹ̀ há sáàárín orí méjì, ti nọ́ńbà 1 àti ti nọ́ńbà 2 ẹgbẹ́ kejì, àwọn tirẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlà iwájú sì ń tì í láti ẹ̀yìn. Ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo ìwúwo yẹn ń gbà kọjá. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ nọ́ńbà 1 kò fi lè ṣàdédé bọ́ sí ipò nọ́ńbà 3, bí wọ́n tilẹ̀ jọra bí ìbejì lójú yín.

Tí ìṣẹ́jú bá ti ń lọ sí àádọ́ta, ìgúnpá ọwọ́ ọ̀tún nọ́ńbà 3 mi ni mo máa ń wò. Ọwọ́ yẹn ló fi di aṣọ ẹni tó kọjú sí i mú. Níwọ̀n ìgbà tí ìgúnpá náà bá ṣì ga, ara rẹ̀ le. Tó bá ti ń kọjú sílẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, scrum máa tó wó, rẹfirí á sì fọn fèrè lé wa lórí. Ẹni tó bá wọ nọ́ńbà 18, tó máa rọ́pò rẹ̀, gbọ́dọ̀ ti máa na ẹsẹ̀ nígbà náà.

Mo ti jẹ ìyà àìní i rí. Lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà òtútù, nọ́ńbà 3 wa fi èjìká pa kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, ẹni kan ṣoṣo tí mo mú wá fún ipò náà sì tún jáde kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Àṣìṣe tèmi ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lára àwọn ará ẹ̀yìn wa, igbáàyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó sáré wá bá mi: "Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí n wọlé síbẹ̀. Mo lágbára." Rẹfirí bi mí lẹ́ẹ̀kan péré bóyá wọ́n ti kọ́ ọ. Mo ní rárá. Láti ìgbà náà, wọ́n kàn ń fara kan ara wọn nínú scrum ni, kò sí títì mọ́, ibi tá a ti lágbára jù wá di òfo. Wọ́n nà wá. Àwọn ọmọ náà bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àmọ́ ọrùn ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí mo lè fi ta tẹ́tẹ́.

Ní báyìí tẹ́ ẹ ti mọ èyí, ẹ wo ohun tí Gúúsù Áfíríkà ṣe ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 2023 ní ilẹ̀ Faransé. Malcolm Marx, ọ̀kan lára àwọn nọ́ńbà 2 tó dáa jù láyé, fi orúnkún pa. Gbogbo èèyàn ń retí pé nọ́ńbà 2 míì ni wọ́n máa pè. Handré Pollard, nọ́ńbà 10, ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Jacques Nienaber àti Rassie Erasmus, pè. Ariwo sọ! Báwo ni ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sí òpó láti gba àmì ayò ṣe máa rọ́pò ẹni tó ń wà láàárín scrum? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù rẹ̀ nù.

Ohun tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá náà rí ni pé Manie Libbok, nọ́ńbà 10 wọn, mọ eré dárí, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó ń gbá sí òpó kò dúró sójú kan. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n pe Pollard ni wọ́n pàdánù sọ́wọ́ Ireland pẹ̀lú 13 sí 8. Fún ipò nọ́ńbà 2, wọ́n ní Bongi Mbonambi, wọ́n sì ní Deon Fourie, ẹni ọdún 37 tó ti gbá ipò náà dáadáa kó tó di ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ scrum. Wọ́n wọn ewu méjèèjì, wọ́n mú ọ̀kan.

Ní ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, England ń fi 15 sí 6 ṣíwájú. Libbok ti jáde láti ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gbọ̀n, Pollard ti wọlé. Ox Nche láti orí bẹ́ǹṣì wá fọ́ scrum England, RG Snyman, òun náà láti orí bẹ́ǹṣì, gbé bọ́ọ̀lù wọlé. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, scrum tún mú pẹ́náritì wá, Pollard gbá a wọlé láti bíi mítà 49. 16 sí 15. Àwọn tí kò sí lára mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ló gba ọjọ́ náà là.

Ní àṣekágbá, lọ́jọ́ 28 oṣù kẹwàá, wọ́n tún kó ará iwájú méje sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ará ẹ̀yìn kan ṣoṣo, Willie le Roux. Márùn-ún sí mẹ́ta tàbí mẹ́fà sí méjì ló wọ́pọ̀. Kò sí nọ́ńbà 9 kejì, ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù jáde lẹ́yìn scrum, rárá. Tí Faf de Klerk, nọ́ńbà 9 wọn, bá fara pa, wàhálà dé. Kò sì pẹ́ tí wàhálà míì fi dé: Mbonambi jáde kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, Fourie wọlé, ó sì gbá a títí dópin. Bọ́ọ̀lù tó ń jù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá kò fi gbogbo ìgbà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jù ú sí. Ewu tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Wọ́n borí New Zealand pẹ̀lú 12 sí 11, Pollard ló sì gbá gbogbo méjìlá náà.

Àwọn kan ń sọ pé méje sí ọ̀kan yìí kò bá ẹ̀mí eré mu, pé kò dáa kí òmìrán méje tí ara wọn ṣì tutù máa wá kọlu ẹni tó ti rẹ̀. Mo gbọ́ wọn, mi ò kàn gbà ni. Ẹni tó bá ṣe é ti fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ sílẹ̀ lásán. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe fún Gúúsù Áfíríkà ni Damian Willemse, tó lè gbá nọ́ńbà 10, 12 àti 15. Tí ẹ bá rí méje sí ọ̀kan tí ẹ ò rí irú Willemse bẹ́ẹ̀ lórí pápá, ìgbà yẹn ni kí ẹ pariwo.

Torí náà, ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ tó bèèrè ìdí tí wọ́n fi fi ààyò yín sílẹ̀, ẹ wá ẹni tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù sí òpó lẹ́yìn ọgọ́ta ìṣẹ́jú. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà 21 jẹ́ nọ́ńbà 9 gidi. Ẹ wo balógun náà bóyá ó jẹ́ ẹni tó ń dúró dópin, bíi Maro Itoje, ọmọ àwọn òbí Nàìjíríà tó ṣe balógun British and Irish Lions, ẹgbẹ́ àpapọ̀ England, Scotland, Wales àti Ireland, ní Australia lọ́dún 2025. Tí wọ́n bá máa yọ balógun, ta ló máa bá rẹfirí sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le? Ààyò yín lè jẹ́ ẹni tó mọ ipò kan péré, tó sì mọ̀ ọ́n dénú. Lórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó mọ mẹ́ta díẹ̀díẹ̀ lè wúlò jù ú lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin onígbáàyà yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà òtútù yẹn ló ti ń bá mi dúró lẹ́yìn ìdánrawò, àá máa fi ẹ̀rọ títì kọ́ ọrùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Odindi ọdún méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ orúkọ rẹ̀ síwájú nọ́ńbà 18 fún ìgbà àkọ́kọ́.