Servo kan ló ń tẹ tọ́tù, òun náà ló ń tẹ bíréèkì

Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò RC (mọ́tò kékeré tí wọ́n ń fi rìmóòtù wà) tó ń jẹ epo nitro, servo kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré oníná tó ń yí apá kan, ló ń ṣí kábúrétọ̀ tó tún ń di bíréèkì mú. Bó ṣe ń gbàṣẹ lọ́wọ́ rìmóòtù, ká fo ìyẹn, ẹ ṣáà mọ̀ pé tẹ́ ò bá tẹ nǹkan kan apá ẹ̀ máa ń dúró sáàárín, tẹ́ ẹ bá fa ọwọ́ tọ́tù á yí síbì kan, tẹ́ ẹ bá tì í á yí sódìkejì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà lára apá yẹn gan-an ló dùn.

Wò ó, orí apá kan náà làwọn méjèèjì wà o. Tí kábúrétọ̀ bá ń ṣí, irin bíréèkì náà á ṣípò, àmọ́ bíréèkì ò gbọdọ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Tó bá wá kan bíréèkì, kábúrétọ̀ ti padé débi tí síkúrù slow (èyí tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láìkú) dá a dúró, kò lè padé jùyẹn lọ, síbẹ̀ servo ṣì ń rìn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sọ irin di okùn. Okùn ṣe é fà, kò ṣe é tì. Ẹni tó dúró láàárín ewúrẹ́ méjì, tó di okùn méjèèjì mú, tó bá rìn sí ọ̀tún, tòsì ló máa fà, okùn tọ̀tún á kàn dẹ̀, ewúrẹ́ yẹn á sì máa jẹ koríko ẹ̀ lọ (àfi tóun náà bá pinnu pé òun fẹ́ rìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi sípíríǹgì dá kábúrétọ̀ padà). Irin bíréèkì kàn ń yọ̀ nínú ihò ni, òrùka kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀ ló ń mú un tó bá tó àkókò. Lọ́dọ̀ kábúrétọ̀, sípíríǹgì kékeré kan ló ń fún pọ̀ tó ń gba ìrìn tó ṣẹ́kù.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń fi trim orí rìmóòtù (èyí tó ń sún ibi tí servo ń dúró sí láàárín díẹ̀) wá slow. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ dáadáa, inú wọn á dùn, wọ́n á wá tẹ bíréèkì, ó kú! Trim ló ń di kábúrétọ̀ ṣí, bíréèkì sì gbé servo kúrò níbẹ̀, ló bá padé pátápátá. Síkúrù ló ni slow. Ẹ dá trim padà sí òdo, kẹ́ ẹ rí i pé apá servo dúró bíi lẹ́tà L sí irin, kẹ́ ẹ yọ fílítà wo ẹnu kábúrétọ̀, kí àyè ibẹ̀ tó bíi mìlímítà kan tàbí kó dín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fọwọ́ ti mọ́tò náà, tó bá wúwo, òrùka bíréèkì ti sún mọ́ jù, ẹ tú u sẹ́yìn díẹ̀. Tí servo bá ń kùn tẹ́ ẹ bá tẹ ẹ́ dópin, ó ti kan ògiri nìyẹn, ẹ fi endpoint (ètò orí rìmóòtù tó ń pààlà ibi tí servo lè yí dé) dín ìrìn ẹ̀ kù kí gíà inú ẹ̀ tó jẹ.

Ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó fún mi ni bátìrì. Failsafe, ìyẹn ètò ààbò inú mọ́tò, lè tẹ bíréèkì tí ìgbì rìmóòtù bá já, àmọ́ tí bátìrì inú mọ́tò bá kú, servo ò lágbára kankan mọ́, sípíríǹgì ìdápadà yẹn nìkan ló kù, tọ́tù nìkan ló sì lè pa. Bíréèkì ò sí.