Irin Ò Wo Apá: Fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Fọwọ́ Lu Bọ́dì Mọ́tò

Tẹ́ ẹ bá sọ fún èèyàn ní Àgbádárìgì níbí pé ẹ fẹ́ máa fọwọ́ lu fẹ́ńdà mọ́tò jáde látinú irin pẹlẹbẹ, tí kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ o, tẹ́ ẹ kàn fẹ́ máa fi gbádùn ara yín ní Sátidé, apá yín ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Tí apá ọ̀hún bá tínrín, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹlòmíì á ní ṣé ẹ ní mẹ́ṣíìnì ni, pé ilé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ló lè ṣe irú ẹ̀, panẹ́ẹ̀bítà tiwa kàn ń na ibi tó bá rún ni, kó tó wá fi pọ́tì bo àṣírí ẹ̀. Ibì kan náà ni èrò méjèèjì ti wá jàre: wọ́n rò pé ká tẹ irin náà ni, àti pé nǹkan tó bá le, agbára la fi ń tẹ̀ ẹ́.

Kì í ṣe títẹ̀ rárá.

Títẹ̀ la mọ̀ dáadáa. Bọ́dì mólùè ayé ọjọ́un tí wọ́n ń kàn sórí ṣáàsì Mercedes 911, àwọn wẹ́dà àti káfíńtà wa níbí ló ń ṣe é, ibi tó bá sì ká lára ẹ̀, apá kan ṣoṣo ló máa ń ká sí. Ẹ lè fi orúnkún tẹ irú ìyẹn mọ́ páìpù, irin ọ̀hún ò ní fẹ̀, kò sì ní dín. Àmọ́ ẹ wá wo fẹ́ńdà Ìjàpá, Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Òjó ní 1975, lójú títì Badagry wa yìí náà, tí wọ́n ṣì ń pe bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù ibẹ̀ ní Volkswagen títí dòní. Fẹ́ńdà yẹn ká látiwájú lọ sẹ́yìn, ó tún ká látòkè wá sísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú bébà ńlá kan kẹ́ ẹ fi bo ẹ̀yìn igbá, ẹ máa rí wàhálà tó wà ńbẹ̀: àárín á jókòó, etí á hunjọ gbogbo, bó ti wù kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tó, torí bébà ti pọ̀ jù létí. Àfi kí àárín fẹ̀ tàbí kí etí súnkì. Bébà ò lè ṣe ìkankan, irin lè ṣe méjèèjì, gbogbo iṣẹ́ yìí ò sì ju ìyẹn lọ.

Báwo wá ni irin ṣe ń fẹ̀? Ó ń fẹ́lẹ́ ni. Irin tó nípọn 1 mm, tẹ́ ẹ bá lù ú níbì kan títí tó fi ku 0.8 mm, ojú ibẹ̀ ti fi 25% fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí òòlù ńlá fi ń ba nǹkan jẹ́: ẹni tó ń fi gbogbo ara lù ú, ojú kan ló ń fẹ́lẹ́, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò mọ nǹkan kan, kòtò àti gegele ló máa kù sílẹ̀. Ẹni tó fi málẹ́ẹ̀tì, ìyẹn òòlù onígi, ń lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí àpò yanrìn, tó ń yí irin bó ṣe ń lù ú, òun ni irin ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. (Yanrìn etí òkun wa yìí, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ sá a gbẹ dáadáa o, ọ̀tá irin ni iyọ̀.) Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àfi mẹ́ṣíìnì, Sergio Scaglietti àti àwọn èèyàn ẹ̀ ní Modena ní Ítálì, ọwọ́ ni wọ́n fi lu bọ́dì àlùmíníọ̀mù Ferrari 250 GTO, mọ́tò eré ìje, láàárín 1962 sí 1964.

Lẹ́yìn àpò yanrìn ló kan dólì, irin kékeré téèyàn ń fọwọ́ kan dì mú sẹ́yìn irin pẹlẹbẹ náà, tó ń fi òòlù lu iwájú ẹ̀. Etí tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ lẹ máa lò ńbẹ̀ ju ojú lọ. Tí òòlù bá bọ́ sórí dólì gan-an, ó máa dún ganran, ibẹ̀ ń fẹ̀ nìyẹn. Tó bá tàsé, ohùn ẹ̀ á kú. Nígbà míì sha, títàsé yẹn gan-an lẹ fẹ́: ẹ gbé dólì ti ibi tó jìn lẹ́yìn, kẹ́ ẹ lu ibi tó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èyí tó ga á wálẹ̀, èyí tó jìn á gòkè, irin ò sì ní fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Iná ló tún ń dojú rú fáwọn èèyàn. Ẹ mọ bọ́nẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ tó máa wọlé, tẹ́ ẹ bá yọwọ́ tó tún fò jáde? Irin ti pọ̀ jù níbẹ̀, ó ti fẹ̀ kọjá ààyè ẹ̀. Wọ́n á ní ẹ má dáná sí i, pé iná ló ń mú irin fẹ̀. Lóòótọ́ ni, tó bá ṣì gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ fi gáàsì sun ojú kékeré kan, kó má ju kọ́bọ̀ lọ, títí á fi pọ́n. Ibẹ̀ á fẹ́ fẹ̀, irin tútù tó yí i ká ò ní gbà fún un, kò níbi tó máa lọ, ló bá nípọn sí i. Ẹ yáa fi òòlù pa á mọ́lẹ̀ lórí dólì, jẹ́jẹ́ o, ẹ fi àkísà tútù lé e. Bó ṣe ń tutù, ó ń súnkì, ó máa wá kéré ju bó ṣe wà kẹ́ ẹ tó dáná sí i lọ. Páànù onísíńkì nìkan lẹ ò gbọ́dọ̀ sun bẹ́ẹ̀, èéfín ẹ̀ ń fa ibà.

Irin tẹ́ ẹ máa fi kọ́ṣẹ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì kọ́ńdẹ̀m ti tó, tàbí kẹ́ ẹ ra géèjì 20, tó sún mọ́ 0.9 mm. Ẹ rántí pé bí nọ́ńbà géèjì ṣe ń pọ̀ ni irin ń fẹ́lẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dí etí yín, kẹ́ ẹ sì bẹ àwọn ará ilé.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan odindi fẹ́ńdà. Atẹ́gùn òkun ti jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mọ́tò tó pọ̀ ládùúgbò, ẹ gé irin bo ibi tó ti jẹ, ẹ lù ú, kẹ́ ẹ gbé e lé e wò. Tí àárín bá kàn án tí etí dúró sókè, tó ń mì, àárín ṣì fẹ́ kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i. Tó bá jẹ́ etí ló kàn án, tí àárín ṣófo, ẹ ti lu àárín jù, etí ló kù kẹ́ ẹ fẹ̀.