Inú Àpò Ni Áàpù Ìwọ̀n Àwọn Ẹnjiníà Ti Wá

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè ìgbà tí áàpù tí ẹnjiníà fi ń wo ìwọ̀n bóòtì àti irin bẹ̀rẹ̀, 2008 ni wọ́n máa pè, ọdún tí Apple ṣí ọjà áàpù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ìsọ̀ lẹnìkan ṣí lọ́dún yẹn; ọjà ti ń ná tipẹ́. Àpò aṣọ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Manchester ni ká ti mú un. Kó tó di 1841, bó ṣe wu ṣọ́ọ̀bù kálukú ló ń gé tírẹ́ẹ̀dì, ìlà tó rọ́ mọ́ ara bóòtì. Bí bóòtì ẹ̀rọ rẹ bá sọnù, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é lo máa padà sí. Joseph Whitworth, ẹnjiníà kan níbẹ̀, wá kó bóòtì jọ láti oríṣiríṣi ṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ̀n wọ́n, ó mú agbedeméjì wọn, ó ní kí igun tírẹ́ẹ̀dì jẹ́ dígírì 55. Mo máa ń fojú inú wo tábìlì yẹn: òkìtì bóòtì, gírísì dúdú, òun fúnra rẹ̀ ń kọ nọ́ńbà. Èmi gbà pé ìwé kékeré kan wà lápò rẹ̀. Ta ló fẹ́ há gbogbo ìyẹn sórí?

Inú “wọ̀n” náà ni òṣùwọ̀n ti jáde. Ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́wọ́ ẹni tó fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú, ó mọ ohun tí Whitworth ń bá jà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà á ní William Sellers ti Philadelphia ńkọ́, tó mú dígírì 60 wá ní 1864? Ọdún 23 lẹ́yìn ni. (Pé 60 ni bóòtì onímílímítà òde òní ń lò, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Síbẹ̀, ìwọ̀n kò tíì dọ́gba: ní 1904, nígbà tí ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ń jó, àwọn panápaná ìlú mìíràn sáré dé, ẹnu ọ̀pọ̀ rọ́bà wọn kò wọ ẹnu ẹ̀rọ omi ibẹ̀.

Ìwé àpò ló gbà á láti ibẹ̀: Guilford Molesworth ṣe ọ̀kan fún àwọn ẹnjiníà, olójú-ìwé kéékèèké, nǹkan bí ìlàjì ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó di pé wọ́n tẹ Machinery's Handbook ní New York ní 1914. Lẹ́yìn náà ISO, àjọ òṣùwọ̀n àgbáyé, dé ní 1947, SON, àjọ òṣùwọ̀n tiwa ní Nàìjíríà, ní 1971, fóònù tẹ̀ lé e.

Mo rí ọ̀gá kan ní Mushin lọ́jọ́ kan, nídìí ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ́ irin. Ó fẹ́ lu ihò tí bóòtì M10, tó fẹ̀ ní mílímítà 10, máa yí wọ̀. Ó nu ìka sára ṣòkòtò, ó tẹ M10 sórí fóònù tó fi ọ̀rá wé, ìwọ̀n ihò náà jáde: 8.5 mílímítà. Ó ki fóònù padà sápò àyà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́ńsùlù.