Asà ọwọ́ ni, kì í ṣe ìbọ̀wọ́

Nǹkan kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ áńdù alùpùpù, tó máa ń lọ yí iwájú ọwọ́ ká, kí ẹ̀ka igi má baà gbá ìka ẹni, kí ọwọ́ kúlọ́ọ̀ṣì má sì ṣẹ́ nígbà tí a bá ṣubú. Kí là ń pè é? Àwọn mẹkáníìkì l'Ádó ń pè é ní hángáàdì. Mi ò bá wọn jà. Orúkọ tó wà lára páálí tí wọ́n fi kó o wá náà ni wọ́n ń pè. Àwọn tí mò ń bá jà ni àwa tí a pe ara wa ní onítumọ̀, tí a jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbọ̀wọ́ ni.

Ìbọ̀wọ́ ni ohun tí à ń ki ọwọ́ bọ̀. Nọ́ọ̀sì ń lò ó. Ẹni tó fẹ́ ṣán oko tí wèrèpè ti bò ń lò ó. Bí kò bá fún mọ́ ọwọ́, kò wúlò. Ṣùgbọ́n èyí tí mò ń sọ yìí, bó bá fi lè kan ọwọ́ pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yàgò fún ọwọ́ díẹ̀, kó dúró síwájú, kó máa jẹ ìyà tí ọwọ́ ìbá jẹ. Ohun tó ń dúró síwájú èèyàn, tó ń gba ọfà tí ìbá ba èèyàn, asà ni Yorùbá ń pè é láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Orúkọ burúkú yẹn ti fẹ́ rán mi lọ sọ́run. Mo ra méjì, mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan l'Ádó. Mo ti ka ìbọ̀wọ́ níbì kan, ó sì dùn mọ́ mi létí nígbà náà, ni mo bá sọ fún un pé kó bá mi de ìbọ̀wọ́ alùpùpù. Ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ó fún gbogbo rẹ̀ pinpin. Ní ọjọ́ kẹta, mo ń lọ sí oko kòkó wa lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìtawúrẹ́ rí mọ bí òkè ibẹ̀ ṣe ń lọ́ bí ejò. Mo fúnná láti gun òkè, mo dé ṣóńṣó, mo dá ọwọ́ padà, iná ò padà. Ẹ́ńjìnnì ń han, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló wà níwájú. Mo yáa fa kúlọ́ọ̀ṣì, mo sì pa á. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mo fi èékánná wá àlàfo láàárín rọ́bà tọ́rótù, èyí tí à ń lọ́ láti fúnná, àti irin tó wà lẹ́nu áńdù. Kò sí àlàfo kankan. Irin náà ti fẹnu ko rọ́bà, ó dì í mú gírígírí.

Mo padà lọ bá ọmọ náà. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà lẹ ní ìbọ̀wọ́ ni. Ìbọ̀wọ́ tí ò bá fún mọ́ ọwọ́, kí la fẹ́ fi ṣe?" Mi ò rí èsì kankan fún un. Orúkọ tí mo fi lé e lọ́wọ́ ló bá ṣiṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá orúkọ tí yóò kọ́ ẹni tó fẹ́ dè é bó ṣe yẹ kó dè é. Àwọn kan ní ká pè é ní ẹ̀ṣọ́ ọwọ́. Ẹ̀ṣọ́ kẹ̀? Èèyàn ni ẹ̀ṣọ́. Jagunjagun ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ẹni tó bá sì dárúkọ ẹ̀ṣọ́ l'Ékìtì lónìí, Àmọ̀tẹ́kùn ni ọkàn gbogbo wa máa lọ bá. Àwọn mìíràn kọ "ohun èlò ìdáàbòbò ọwọ́ awalùpùpù", wọ́n sì rò pé àwọ́n ti ṣe iṣẹ́. Àpèjúwe nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. Ta ló máa fi ariwo yẹn béèrè ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta pátì ọ̀kadà nígbà tí òjò ń ṣú bọ̀? "Ààbò ọwọ́" sàn ju ìyẹn lọ, àmọ́ kò mú nǹkan kan wá sójú. Òrùlé ni ààbò, àgádágodo ilẹ̀kùn ni ààbò, àdúrà náà ààbò ni. Mẹkáníìkì tó gbọ́ ààbò kò tíì mọ̀ bóyá ó yẹ kó kan ọwọ́ tàbí kó jìnnà sí i.

Ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní apata ló dáa jù, nítorí asà àti apata jọ wà nínú Sáàmù 91, ìtumọ̀ wọn sì súnmọ́ra. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí à ń gbé. Àpáta ló yí wa ká. Ìkẹ́rẹ́ wà lẹ́sẹ̀ Olósùnta, òkúta ló di Ẹ̀fọ̀n mú, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Apata ọwọ́ tí kò ní àmì, òkúta ni ọmọ Èkìtì máa kà á sí. Ẹni náà ní asà náà lè di àṣá tàbí àṣà. Rárá. Lẹ́nu wa, sà kì í ṣe ṣà, kò sì sí ẹni tó máa gbọ́ asà ọwọ́ tí yóò lọ máa wo ojú ọ̀run bóyá ẹyẹ ń bọ̀.

Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ ogun ni asà, pé kò bá alùpùpù mu, kí wọ́n rántí ibi tí ọ̀rọ̀ yòókù ti wá. Ojú omi ni ọkọ̀ wà kó tó bọ́ sójú títì. Ẹnu ẹṣin ni ìjánu wà kí a tó fi pe bíréèkì. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ìjánu léèrè pé ẹṣin rẹ̀ dà. Alùpùpù alára, etí ló bí i: pù pù pù tó ń ké ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ìdí nìyí tó fi ń bẹ láàyè.

Kí n má gbàgbé: alùpùpù tí mò ń wí ni irú èyí tó ga, tí táyà rẹ̀ ní eyín gbọ̀ngbọ̀n-gbọ̀ngbọ̀n, tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tú "dirt bike" ti Gẹ̀ẹ́sì sí "alùpùpù ìdọ̀tí". Ìdọ̀tí ni ohun tí à ń gbá dànù. Iyẹ̀pẹ̀ ni ohun tó ń rìn lórí rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ sì ni oko. Alùpùpù oko ni mò ń pè é, ó tán.

Báyìí, kí ni asà ọwọ́ gan-an? Ẹ fọkàn yàwòrán ọrun ọdẹ. Áńdù tí ọwọ́ dì mú, ọsán ọrun nìyẹn, ó nà tàntàn. Irin alumíníọ́ọ̀mù asà ni igi ọrun, ó tẹ̀ jáde síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu áńdù, ó sì padà wá so mọ́ áńdù lápá inú, nítòsí àárín. Ọwọ́ yín, rọ́bà, kúlọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì wà nínú àlàfo tó wà láàárín igi àti ọsán. Igi kò gbọdọ̀ kan ọsán níbì kankan àfi lórí méjèèjì tí wọ́n ti so ó. Tí a bá ṣubú lu òkúta, orí méjèèjì jọ pín ìyà náà ni. Tí orí kan bá tú, ọsán já, ọrun dọ̀pá: irin náà á yí, á sì tẹ kúlọ́ọ̀ṣì tó yẹ kó gbà là. Ike tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú irin yìí, ti eésún, ẹrẹ̀ àti òjò ni. Èyí tó jẹ́ ike nìkan, tó ní ojú ìdè kan ṣoṣo, a lè lò ó lójú títì, mi ò ní bá a pẹ́.

Ní ti dídè rẹ̀, ẹnu áńdù ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹ kọ́kọ́ wọn inú ihò rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ń dì mú lóde jẹ́ mílímítà 22 ní ìbú lára èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ yàtọ̀: ti alumíníọ́ọ̀mù tí ara rẹ̀ nípọn sábà máa ń jẹ́ 14, ti irin tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ máa ń tó 18. Ohun tó ń wọ inú ihò yìí jẹ́ ọ̀pá kékeré tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ṣe ń fún bóòtù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń fẹ̀ tó ń di ara áńdù mú láti inú. Èyí tó bá kéré jù fún ihò náà kò ní dì mú láéláé, kódà kí ẹ fún un di alẹ́.

Lápá òsì, ẹ fi abẹ gé ìdí rọ́bà yípo, ó parí. Lápá ọ̀tún, níbi tí tọ́rótù wà, ẹ fara balẹ̀. Ìdí rọ́bà dí, ìdí ike tọ́rótù tó wà nínú rẹ̀ náà sì sábà máa ń dí. Ẹ fi ayùn irin gé méjèèjì, kí ẹ fi fáìlì fá ẹnu rẹ̀ títí tí kò fi ní họ ìka mọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ki ọ̀pá bọ inú rẹ̀, kí ọ̀pá ìṣáná kan lè gba àárín tọ́rótù àti irin kọjá fàlàlà. Ọ̀pá ìṣáná yẹn ni mẹkáníìkì mi kò wá, nítorí ìbọ̀wọ́ ni mo ní kó dè.

Ẹ má tíì fún bóòtù kankan pa. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, kí ẹ jókòó sórí alùpùpù, kí ẹ fi ìka fa kúlọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì, kí ẹ sún asà sókè sódò títí tí kò fi ní kan èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ ti wáyà àti páìpù bíréèkì sẹ́yìn ibi tí irin kò ti ní tẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa wá fún ti inú àti ti ẹnu ní díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ibí, ẹ̀ẹ̀kan ọ̀hún.

Ẹ wá yí áńdù sí òsì dé òpin, sí ọ̀tún dé òpin. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ́ tọ́rótù, kí ẹ ju ọwọ́ sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ fò padà fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbọ́ "tá!" Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ má fúnná, kí ẹ tún yí áńdù bákan náà. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá lọ sókè, asà ti ń fa wáyà, ẹ tú u, kí ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ sóko, bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ti rọ̀ díẹ̀, pàápàá ti ẹnu áńdù. Ẹ mú sípánà dání lọ.