Páténtì Kì í Ṣe Ìwé Àṣẹ Láti Tajà

"Páténtì wa ti jáde! Ó kù ká máa tà á." Mi ò lè ka iye ìgbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wọ ọ́fíìsì mi tòun ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu. Inú mi máa ń bá wọn dùn, torí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló wà nínú ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́yà páténtì ni mí, ilé-iṣẹ́ tó ń fi ohun abẹ̀mí ṣe oògùn ló ń san owó oṣù mi, iṣẹ́ mi sì ni láti sọ òótọ́ fún wọn: páténtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó dá nǹkan tuntun sílẹ̀, kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti ta ohunkóhun.

Ẹ̀tọ́ láti dá ẹlòmíràn dúró ló ń fúnni. Òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: ẹni tó ni páténtì lè ní kí àwọn yòókù má ṣe nǹkan náà, kí wọ́n má lò ó, kí wọ́n má tà á, kí wọ́n má sì kó o wọ̀lú, títí ogún ọdún yóò fi pé láti ọjọ́ tó ti fi ìwé ìbéèrè sílẹ̀. Kò síbi tí òfin náà ti sọ pé ẹni tó ni páténtì alára lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ní bàbá kan dá ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó sì gba páténtì. Ìyá kan wá rí irú abẹ kan tó ń mú kí gaàrí kúnná dáadáa. Òun náà lè gba páténtì lórí abẹ yẹn, torí ohun tuntun ni. Àmọ́ abẹ kì í dá lọ ẹ̀gẹ́; inú ẹ̀rọ bàbá ló máa gbé. Bí ìyá bá ta ẹ̀rọ tó ní abẹ náà, bàbá lè pè é lẹ́jọ́. Bí bàbá bá ki abẹ ìyá bọ inú ẹ̀rọ tirẹ̀, ìyá lè pe òun náà lẹ́jọ́. Àwọn méjèèjì ní páténtì, síbẹ̀ kò sí èyí tó lè ta ẹ̀rọ tó dára jù láìbá ẹnìkejì sọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí Keytruda nìyẹn. Oògùn jẹjẹrẹ ni, áńtíbọ́dì sì ni. Áńtíbọ́dì ni ohun kékeré tí ara fi ń di kòkòrò àrùn mú. Èyí tí ilé-iṣẹ́ oògùn Merck ṣe yìí ń di PD-1 mú, tó wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara. PD-1 dà bíi bíréèkì. Jẹjẹrẹ a máa tẹ bíréèkì yẹn kí ara má lè bá a jà, oògùn náà ni kì í jẹ́ kó rí i tẹ̀. Merck ní páténtì tirẹ̀ lórí áńtíbọ́dì yìí. Ní oṣù September 2014, FDA, àjọ tó ń fún oògùn láṣẹ ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i. Oṣù yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ oògùn méjì, Bristol-Myers Squibb àti Ono ti ilẹ̀ Japan, gbé Merck lọ sílé ẹjọ́. Páténtì mìíràn ni wọ́n dì mú, èyí tó ti inú iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Tasuku Honjo ní Kyoto wá, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Wọn ò sọ pé Merck jí áńtíbọ́dì wọn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn ni wọ́n ni ọ̀nà ìwòsàn náà, ìyẹn fífi áńtíbọ́dì PD-1 wo jẹjẹrẹ, ẹni yòówù kó ṣe áńtíbọ́dì ọ̀hún.

Ní January 2017, Merck san mílíọ̀nù 625 dọ́là. Ó tún gbà láti máa san ìdá 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí Keytruda bá pa kárí ayé títí di òpin 2023, lẹ́yìn náà ìdá 2.5 títí di òpin 2026. Ní 2023 nìkan, oògùn yẹn pa nǹkan bíi bílíọ̀nù 25 dọ́là. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí àwọn yẹn ò tètè pariwo nígbà tí Merck ṣì ń dán oògùn náà wò. Òfin kan láti 1984 ló fà á: ní Amẹ́ríkà, ìdánwò tí a ń ṣe nítorí àtigba ìwé FDA kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ sí páténtì ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ lè fi ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kó máa rò pé ọ̀nà mọ́, kí ẹjọ́ wá bẹ́ lọ́jọ́ tí ọjà fẹ́ ṣí.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé páténtì àwọn ẹlòmíràn ni mo ń kà jù nínú ọ̀sẹ̀. Mi kì í wo àwòrán inú rẹ̀ rárá ní ìbẹ̀rẹ̀; ẹ̀yìn ìwé ni mò ń ṣí, níbi tí claims wà, ìyẹn àwọn gbólóhùn tó ń sọ ohun tí oní-páténtì ń pè ní tirẹ̀, torí ibẹ̀ ni ààlà ilẹ̀ wà. Ámínò ásíìdì ni àwọn ègé kéékèèké tó tò tẹ̀ lé ara wọn di áńtíbọ́dì. Ká ní claim kan sọ pé áńtíbọ́dì yòówù tí ìtò ámínò ásíìdì rẹ̀ bá fi, ó kéré tán, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún jọ tàwọn, tàwọn ni. Ámínò ásíìdì 120 ló wà nínú ìtò náà. Èmi àti onímọ̀ wa á tò wọ́n sára wọn, a ó máa fi bírò fàlà sábẹ́ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 12, inú ilẹ̀ onílẹ̀ la wà. Bó bá jẹ́ 13, a ti bọ́ síta. Ámínò ásíìdì ẹyọ kan!

Bí a bá bá ara wa nínú ilẹ̀ onílẹ̀, a lè dúró kí ogún ọdún wọn pé, a lè sanwó fún wọn, a sì lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé páténtì náà gan-an. Ilé-iṣẹ́ oògùn Amgen gba páténtì tó gbòòrò lórí gbogbo áńtíbọ́dì tó ń di ibì kan báyìí mú lára PCSK9, èròjà inú ara tó ń mú kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, láti fi mú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wálẹ̀, ó sì fi pe Sanofi, ilé-iṣẹ́ oògùn mìíràn, lẹ́jọ́. Ní 2023, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé Amgen kò kọ́ aráyé bí wọn yóò ṣe ṣe gbogbo ohun tó pè ní tirẹ̀, nítorí náà páténtì rẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni ẹjọ́ yẹn gbà, kì í sì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló lówó ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ọ̀rọ̀ tiyín tún le díẹ̀ sí i. Òfin páténtì Nàìjíríà fúnra rẹ̀ sọ pé ewu ẹni tó gbà á ni, ìjọba kò ṣe onídùúró pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bó bá sì jẹ́ oògùn, NAFDAC ló ń fúnni láṣẹ láti tà á.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn onímọ̀ wa ni pé kí wọ́n má dúró di ọjọ́ tí páténtì bá jáde kí wọ́n tó wá sí ọ́fíìsì mi. Ẹ wá nígbà tí áńtíbọ́dì mẹ́wàá ṣì wà lórí tábìlì yín. Lọ́jọ́ yẹn, bí mo bá ní kẹ́ ẹ fi ìkíní sílẹ̀ kẹ́ ẹ mú ìkẹrin, kò ná wa ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ.