Ẹ Ka Òṣèré Yín Kí Ẹ Tó Ka Ìwé Eré

Bí ẹgbẹ́ eré àdúgbò bá fẹ́ yan eré tí wọn yóò ṣe lọ́dún, orúkọ eré ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní eré Ṣàngó ló ń pe èrò, ẹlòmíràn á ní rárá, ti Ìyálóde Ìbàdàn ni. Wọ́n á jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á wá dìbò. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń darí eré fún ìjọ, fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde àti fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìbò yẹn sì ni mo rí tó ń sọ ọ̀pọ̀ wọn di onígbèsè.

Ọdún kan wà tí èmi náà jẹ́ kí wọ́n dìbò. Eré ààfin ni wọ́n mú, òṣèré 27. Aṣọ ìjòyè la rò pé yóò jẹ owó wa. Ohun tó jẹ ẹ́ gan-an ni owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ìdánrawò: èèyàn 27, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 8. Àlọ àtàbọ̀ 432 nìyẹn, a ò sì tíì rán bùbá kan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àwọn ìjòyè ò wá mọ́. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ẹlòmíràn nínú wọn ní, wákàtí mẹ́ta ló sì máa ń fi jókòó kó tó kàn án. Èmi tí mo gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ni mo jẹ̀bi.

Ní báyìí, bébà òfìfo ni mo kọ́kọ́ ń mú. Mo máa ń kọ orúkọ àwọn tí òjò kì í dá dúró sílé, àwọn nìkan. Bí wọ́n bá jẹ́ 11, eré èèyàn 9 ni mo máa wá, torí pé àìsàn lè mú ẹnì kan, iṣẹ́ sì lè gbé ẹlòmíràn lọ sí Èkó. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ka iye obìnrin. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí mo ti bá ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọba, balógun àti babaláwo ló kún inú ìwé eré wa. Ẹ má lẹ irùngbọ̀n mọ́ obìnrin mẹ́fà lẹ́nu. Ẹ wá eré tí obìnrin ti rí ọ̀rọ̀ gidi sọ. Òṣèré kan lè ṣe èèyàn méjì, bí àwọn méjèèjì kò bá ní í pàdé lórí ìtàgé, tí àyè sì wà láàárín fún un láti pààrọ̀ aṣọ.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ṣí ìwé, kí ẹ ka ibi tí eré ti ń ṣẹlẹ̀. Iwájú ilé kan àti ìsọ̀ ọjà kan, ó dára. Bó bá jẹ́ ààfin, igbó, ojú ogun, etí odò, ká tún padà sí ààfin, ẹ pa ìwé náà dé.

Àwọn alárìnjò ayé àtijọ́ kò gbé ilé kiri. Agọ̀, ìlù àti ẹnu ni ẹrù wọn. Ní 1826, Aláàfin pe òyìnbó arìnrìn-àjò méjì, Hugh Clapperton àti Richard Lander, wá wo irú eré bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé. Clapperton kọ ọ́ sílẹ̀ pé òjòlá kan jáde látinú àpò, àti pé nígbà tó yá, òṣèré kan yọ bí òyìnbó: ó funfun bí ìda, ó rù hangogo, ó ń fín áṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán rìn rí. Àwọn èrò ń ké sí àwọn àlejò náà pé kí wọ́n wò ó dáadáa. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ìtàn yìí. Kí ló ná àwọn eléré yẹn? Aṣọ funfun, àti ojú tó mọ èèyàn wò. Ohun tí èrò fi ojú ara wọn rí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tí eré onílé àti ayálégbé, eré alájọ tó kó owó ọlọ́jà lọ, eré ìyàwó àti ìyá ọkọ, fi máa ń kún gbọ̀ngàn ju eré ọba ìlú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹ̀ka èdè náà ńkọ́? Bí ẹ bá wà ní Iléṣà, ẹ jẹ́ kí onílé sọ Ìjẹ̀ṣà. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀, inú àwọn èrò á sì dùn dọ́ba.

Ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀ náà ń dín ìnáwó kù. Ní 1944, nígbà tí Hubert Ogunde ṣì jẹ́ ọlọ́pàá, ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ló ní kó ṣe eré fún àwọn, ìtàn Ọgbà Édẹ́nì ló sì mú. Kò sẹ́ni tí wọ́n nílò láti ṣàlàyé Ádámù fún, orin ló sì gbé eré náà rìn. Ẹ wo ọgbọ́n ibẹ̀ dáadáa: ẹgbẹ́ akọrin tó ti ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé tẹ́lẹ̀ kò ní béèrè owó ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́ yín. Kí orin yín ní ègbè tí èrò lè gbà lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ti bá yín gbe orin kì í dìde lọ sílé láàárín eré.

Mo mọ̀ pé ẹ ṣì máa béèrè àwọn eré ńláńlá. Ọba Kò So tí Duro Ladipo gbé jáde ní 1963 ń béèrè bàtá, dùndún, àti àwọn tó lè pe oríkì láìkólòlò. Bí kò bá sí ọmọ àyàn nínú ẹgbẹ́ yín, owó onílù nìkan lè gbé ìdajì àpò lọ. Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akinwumi Isola rọrùn díẹ̀, torí pé aṣọ ẹrú kò wọ́n, ẹgbẹ́ akọrin sì lè ṣe ẹrú. Àmọ́ èjìká obìnrin kan ṣoṣo ló gbé e. Bí ẹ ò bá ní obìnrin tí yóò dúró tí gbogbo gbọ̀ngàn á pa rọ́rọ́, ẹ fi sílẹ̀ di ọdún mìíràn.

Ẹ gba àṣẹ o. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, iṣẹ́ òǹkọ̀wé kì í di ti gbogbo ayé títí ọdún 70 yóò fi pé lẹ́yìn òpin ọdún tó kú. Isola kú ní 2018. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí òǹkọ̀wé, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí ilé ìtẹ̀wé, pàápàá tí ẹ bá máa ta tíkẹ́ẹ̀tì. Àlọ́ Ìjàpá kò ní olówó, àmọ́ ìwé eré tí ẹnì kan fi àlọ́ náà kọ ní olówó. Bákan náà ni ti Oedipus, eré ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́: ti Sophocles ti di ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n èyí tí Ola Rotimi gbé wá sílẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, ó ní ẹni tí ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì sí ohun tó ní kí ẹ̀yin náà má mú ìtàn àtijọ́ kan, kí ẹ gbé e wá sí àdúgbò yín.

Ẹ tún ro ti ẹni tó ni gbọ̀ngàn. Eré Jero ti Wole Soyinka kò fẹ́ ààfin kankan. Yàrá ìjẹun Mellanby Hall, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní oṣù kẹrin 1960. Ṣùgbọ́n wòlíì etíkun tó ń fi àdúrà jẹun ni olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Tó bá jẹ́ gbọ̀ngàn ìjọ lẹ máa lò, ẹ jẹ́ kí àwọn alàgbà ka ìwé náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti lẹ pósítà káàkiri.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń ṣe tèmi. Oòrùn ni iná mi, mi ò sì ní jẹnẹrétọ̀ tí yóò bo ohùn òṣèré mọ́lẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ tó.

Bí eré bá ku méjì lọ́wọ́, a kì í dìbò mọ́. A máa ń kà wọ́n sókè fún àwọn ará àdúgbò. Lọ́dún tó kọjá, abẹ́ igi máńgòrò la ti kà á. Wọ́n gbọ́ ti àkọ́kọ́ tán, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní a kú iṣẹ́. Ìkejì jẹ́ eré èèyàn mẹ́fà, bẹ́ǹṣì méjì àti ẹní kan. A ò tíì ka ìran kẹta tán tí ìyá alákàrà ẹ̀gbẹ́ wa fi sọ agbada kalẹ̀ kúrò lórí iná, ó wá dúró tì wá, ó ní, “Ta ló ní kí ọmọ yẹn lọ sọ̀rọ̀ yẹn fún ìyá ọkọ ẹ̀? Ẹ kà á lọ, ẹ kà á lọ.”